Nọ́ńbà kì í ṣe ìdájọ́: ẹ wọn iná kí ẹ tó ra olùṣọ́



Àwọn kan ń sọ pé ìwé kò kan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì dúdú. Wọ́n ní ọwọ́ ni a fi ń mọ iṣẹ́ mẹkaníìkì, kì í ṣe bírò. Irọ́ ni. Lónìí, ẹni tí ó ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo kà lè ba ẹ́ńjìnnì kàtàpílà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n mọ nọ́ńbà í kà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi í ná owó olówó dànù. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá wí.

Àwọn olùṣọ́ ẹ́ńjìnnì

Kàtàpílà tí ń gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, tàbí níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì bíi ti Ónígbóló, kì í ṣe irin nìkan. Nínú àwọn ti ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà náà kò ní ojú. Àwọn nǹkan kéékèèké ni ó ń bá a wòran. Ọ̀kan ń ṣọ́ agbára ọ́ìlì, ọ̀kan ń ṣọ́ bí omi ṣe gbóná tó, ọ̀kan ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí. Àwọn tí wọ́n gbọ́ Faransé ń pè é ní capteur. Olùṣọ́ ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Iná bátìrì kàtàpílà jẹ́ fóòtì 24, ṣùgbọ́n fóòtì 5 péré ni kọ̀ǹpútà ń fún ọ̀pọ̀ olùṣọ́. Olùṣọ́ agbára ọ́ìlì sábà máa ń ní okùn iná mẹ́ta. Ọ̀kan ń gbé fóòtì 5 wá, ọ̀kan ń dá iná padà, ẹ̀kẹta ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ sábà máa ń wà láàárín fóòtì 0,5 àti fóòtì 4,5. Bí ó bá kọjá ààlà yìí, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé nǹkan ti dàrú. Yóò tan iná ìkìlọ̀, yóò sì kọ nọ́ńbà.

1 kì í ṣe 4

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀lé ìlànà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ J1939. Àwọn mìíràn ní nọ́ńbà tiwọn, ìwé ẹ̀rọ ni yóò sọ ọ́. Nínú J1939, nọ́ńbà méjì ni ó ń jáde. Èkíní ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kàn: 100 jẹ́ agbára ọ́ìlì, 110 jẹ́ gbígbóná omi. Èkejì ń sọ irú àìsàn tí ó jẹ́:

1: olùṣọ́ ń sọ òtítọ́, ohun tí ó ń ṣọ́ ti lọ sílẹ̀ jù.
3: iná inú okùn ga jù.
4: iná inú okùn lọ sílẹ̀ jù.
5: okùn ti já, iná kò kọjá.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí 100 àti 1 bá jáde, ọ́ìlì gan-an ni kò ní agbára mọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bí 100 àti 4 bá jáde, okùn iná tàbí olùṣọ́ ni ó ń ṣàìsàn. Síbẹ̀ ẹ wo ọ́ìlì, nítorí olùṣọ́ kò ríran mọ́. Awakọ̀ tí ó kàn ń pariwo pé iná pupa tàn kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, kí ó kọ wákàtí, kí ó sì kọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà náà.

Ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́

Mo bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin mẹkaníìkì. Bí 110 àti 4 bá ti jáde, kíá lẹ ó ní kí olówó lọ ra olùṣọ́ tuntun. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nọ́ńbà náà kò dárúkọ olùṣọ́. Ó ní iná lọ sílẹ̀ ní ọ̀nà yẹn. Olùṣọ́ wà ní ọ̀nà náà, okùn wà níbẹ̀, oríkèé okùn wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀.

Ẹ bi gbogbo wọn. Olùṣọ́ omi gbígbóná tí ó ní okùn méjì rọrùn láti bi. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ okùn kúrò lára olùṣọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà láì tan ẹ́ńjìnnì. Bí 4 bá di 3, kọ̀ǹpútà àti okùn kò ní ẹ̀bi: wọ́n ti mọ̀ pé ẹ yọ olùṣọ́. Olùṣọ́ ni ó bàjẹ́, ẹ lọ rà á. Bí 4 kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí okùn máa kan irin níbì kan. Bí ẹ ra olùṣọ́ 10, iná ìkìlọ̀ kò ní kú.

Ohun mìíràn nìyí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, olùṣọ́ méjì tàbí mẹ́ta ń pín fóòtì 5 kan náà. Bí ọ̀kan bá fa iná náà sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò máa sọ ìsọkúsọ. Nọ́ńbà mẹ́ta lè jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò wọn iná yóò ní kí olówó ra mẹ́ta. Ẹni tí ó ń wọn iná yóò yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá yọ tí fóòtì 5 fi padà wá ni ọ̀daràn.

Ẹ ó ní olówó ń kánjú, àti pé ẹ̀rọ tí ó dúró ń jẹ owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kì í gba ọjọ́ kan. Ẹ ó tún ní ẹ ti pààrọ̀ olùṣọ́ rí, iná ìkìlọ̀ sì kú. Nígbà mìíràn, yíyọ okùn àti títì í padà ni ó fọ ìdọ̀tí oríkèé kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iná náà yóò tún tàn, ẹni tí ó ta olùṣọ́ kò sì ní gbà á padà.

Ohun tí ó ń pa okùn kò pamọ́. Okùn ń fi ara ha irin nígbà tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n, eku ń jẹ ẹ́, omi tí a fi agbára tú ń wọ oríkèé rẹ̀. Bí àìsàn náà bá ń wá tí ó ń lọ, kí ẹnì kan máa mi okùn, kí ẹnì kejì máa wo nọ́ńbà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún okùn, omi yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má fi gílóòbù dán fóòtì 5 wò, ó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná ni kí ẹ lò.

Àwa olùkọ́ náà jẹ̀bi

A ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní lẹ́tà àti orúkọ wọn, a sì dúró síbẹ̀. Lórí ìwé, kọ́mà ni a fi ń kọ 4,8. Lójú ẹ̀rọ ìwọnná, àmì tó-tó ni yóò rí: 4.8. Ẹni tí kò rí àmì náà yóò kà á sí 48. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí kún ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ẹ̀rọ, kí ẹ tó yọ owó, ẹ bi mẹkaníìkì ní ìbéèrè mẹ́ta. Nọ́ńbà wo ni ó jáde? Fóòtì mélòó ni o wọ̀n? Níbo ni o kọ ọ́ sí? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ di owó yín mú.