Ejò Ẹ̀yìnkùlé: Ta Ló Ránṣẹ́ Pè É?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ejò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ẹ rántí ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan nínú wa tí kò wá sọ́jà fún oṣù mẹ́ta. Àwọn kan ní ó ń bínú sí ẹgbẹ́ ni. Irọ́ ni. Ejò ló bù ú jẹ. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé lálẹ́ láti já tẹ̀tẹ̀ tí yóò gbé wá sọ́jà láàárọ̀. Kò mú tọ́ọ̀ṣì, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Paramọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ejò yẹn ti sọ ìṣe rẹ̀: ó máa ń pa ara mọ́lẹ̀. Kì í tètè sá fún èèyàn bíi ti àwọn ejò mìíràn. Á dákẹ́ síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo ní "a" nítorí pé èmi náà wà níbẹ̀, ilé wa kò jìnnà síra. A fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ le pinpin, wọ́n fi abẹ gé ojú ibẹ̀, wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Èmi gan-an ni mo mú okùn wá. Kí a tó dé ọsibítù, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní àwọn ò ní oògùn rẹ̀, a tún gbéra. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò tíì bọ̀ sípò títí di òní. Dókítà bi wá pé ta ló so okùn. Mo wolẹ̀, mi ò lè fèsì.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹlòmíràn má ṣe irú ẹ̀. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má so okùn. Ẹ má fi abẹ gé e. Ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún dùbúlẹ̀, kí ó má rìn, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kí ó má baà mì, kí ẹ sì gbé e lọ ọsibítù kíákíá. Bí sèbé bá tutọ́ síni lójú, omi mímọ́ púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kì í ṣe epo, kì í ṣe omi ọmú. Ẹ má sì máa lé ejò kiri láti pa á wá han dókítà. Orí ejò tí a ti gé sílẹ̀ ṣì lè buni jẹ.

Mi ò bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà o. Ṣùgbọ́n oró tó ti wọ ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ló ń ká a. Ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ tí a ń lò ní Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè Costa Rica lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tí ejò ń pa láyé lọ́dọọdún tó 81,000 sí 138,000. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín?

Ẹnìkan á ní, "Ìyá Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká kúkú pa gbogbo wọn." Èmi ò gbà. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Gàrí àti ẹ̀wà ni mò ń tà. Nígbà kan, àpò ọjà mi kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àfọ́kù bùlọ́ọ̀kù àti pàǹtírí sì wà lẹ́yìnkùlé. Eku ń jẹ ọjà mi, ejò ń tẹ̀ lé eku. Ta ló ránṣẹ́ pè é? Èmi ni! Bí mo bá pa ejò ọ̀hún tí mo fi eku sílẹ̀, òmíràn á wá. Eku yìí kan náà ló sì ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti ọdún 1969. Kẹrosíìnì tí à ń wọ́n yí ilé ká kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀fọ́ ló ń pa. Ọjọ́ tí mo kó pàǹtírí dànù, tí mo gbé àpò lé orí pákó, tí mo di gbogbo ihò, ni ara tó tù mí.

Àwọn ẹranko yòókù ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ ń bá wa jẹ kòkòrò ara ẹ̀fọ́. Ahun ò léyín, ò lóró. Olú, ewé àti èso tó já sílẹ̀ ló ń wá jẹ. Ọ̀kan wọ ọgbà mi nígbà òjò, àwọn ọmọ ti fẹ́ dojú rẹ̀ dé, ẹnìkan sì ti ń ná an lọ́wọ́ mi. Mo gbé e padà sínú igbó etídò. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojoojúmọ́ là ń rí ahun lóko. Lónìí, ọjà wa yìí wà lára ohun tó ń tán wọn.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún kò pọ̀. Kí kálukú tún àyíká ilé àti ìsọ̀ rẹ̀ ṣe. Kí ẹni tó bá ń jáde lálẹ́ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí àwọn olóyè lọ bèèrè ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò nítòsí wa, kí a kọ ọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé. Kí a sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí yóò gbé ẹni tí ejò bá bù jẹ, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́. Àwa tí a ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, ṣé a ò wá lè dá ti ẹ̀mí ni?

Mo fi okùn di ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi nítorí àìmọ̀. Ẹ̀yin ti wá mọ̀ báyìí o.

Èmi ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ yín