Ojú Ọmọ Tuntun Nínú Àwòrán Fóònù

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ojú ọmọ tuntun bá ń pọ́n bí ìyeyè ní Ìkòròdú, àwòrán rẹ̀ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́. Bí ìyá bá dáhùn pé kò sí nǹkan kan, ohun tí fóònù fi hàn wọ́n ni wọ́n sọ.

Kò sí àwọ̀ ìyeyè nínú fóònù rárá. Iná wínníwínní pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ni ó wà níbẹ̀. Ojú wa ni ó ń po pupa mọ́ àwọ̀ ewé tí ó fi ń rí ìyeyè. Bí iná yàrá bá pọ́n, ẹ̀rọ náà a máa fọ pípọ́n yẹn kúrò kí aṣọ funfun lè hàn ní funfun. Ó sì lè fọ ti ojú ọmọ mọ́ ọn. Nígbà tí WhatsApp bá tún ń dín àwòrán kù kí ó lè tètè lọ, àwọ̀ ni ó ń dín jù, nítorí pé ojú ènìyàn kì í tètè fura sí i. Fún àwòrán ìgbéyàwó, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n ibà pọ́njú tí ó le lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè sọ ọ́ di adití. Ẹ gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ wo funfun ẹyinjú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá tíì pé wákàtí 24 tí ẹ bí i, ẹ má tilẹ̀ jókòó. Ẹ lè pe ìyá lójú ọ̀nà.