Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwa Ọ̀gá Oníṣẹ́ Ọwọ́ n'Íbàdàn lórí Ọmọ-iṣẹ́ Tó Kọ́kọ́ Ṣẹ̀

Àwa ọ̀gá mẹkáníìkì, aránṣọ, káfíńtà àti wẹ́dà tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn wá: àwọn ọmọ-iṣẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, tí wọn kò dá irú rẹ̀ rí. A fẹnu kò, ohun tí a sì bá jáde nìyí.

Òfin kò ní kí gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. ACJA ti ọdún 2015, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, sọ ní abala 454 pé bí ẹ̀sùn tilẹ̀ fìdí múlẹ̀, adájọ́ lè wo ọjọ́ orí olùjẹ́jọ́, ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá àti bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe kéré tó, kó má sì dá a lẹ́bi. Yóò ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò máa hùwà rere fún àsìkò tí kò ju ọdún 3 lọ, pẹ̀lú onídùúró tàbí láìsí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ṣe òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀.

Abala 460 ní tiẹ̀ fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Ó dára ju ẹ̀wọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ló ń ṣe é, orúkọ ọmọ náà yóò sì wà nínú ìwé. Abala 454 ni kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Iṣẹ́ ìlú náà kò sì sí fún ẹni tó lo ohun ìjà, ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ nípa ìbálòpọ̀, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ ju ọdún 3 lọ.

Ibí yìí ló ti kan àwa ọ̀gá gan-an. Nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni olè jíjà lásán. Bí òṣìṣẹ́ bá jí ẹrù ọ̀gá rẹ̀, ó di ọdún 7. Ọmọ tó mú ẹrù ọ̀gá tirẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìlú lè tì mọ́! Nítorí náà, kí ọ̀gá kankan má fi ìbínú gbéra lọ sí àgọ́ láìtíì fi tó ẹgbẹ́ létí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ-iṣẹ́ wa kò tíì pé ọdún 18. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọlọ́pàá láṣẹ láti parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìdé kóòtù. Kí àwọn òbí béèrè fún un.

Owó tí ẹbí ń tù jọ fún ẹnìkan lábẹ́lẹ̀ kí ọmọ lè jáde kì í ṣe ètò tí òfin là sílẹ̀ yìí. Kò sí ìwé tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹjọ́ náà sì lè jí lọ́la. A lòdì sí i pátápátá.

A pinnu pé ẹgbẹ́ yóò fi ọ̀gá kan ṣe onídùúró fún ọmọ-iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀, tó jẹ́wọ́, tó sì gbà láti san ohun tó bàjẹ́ padà fún ẹni tó ni ín. A kò ní ya ìwé àdéhùn rẹ̀. Yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ títí yóò fi gba fìrídọ̀mù. Ẹni tó bá tún ṣe é, a kò ní dúró fún un mọ́.

A bẹ ìjọba kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó tí yóò máa mójú tó àwọn tí òfin ọgbà àtúnṣe ti 2019 gbà láyè láti jìyà lẹ́yìn òde ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kò lágbára agbẹjọ́rò, kó lọ sí Legal Aid Council. Ọ̀fẹ́ ni fún tálákà.

Fún ẹgbẹ́,
Alága àti Akọ̀wé