Aṣíji Mọ́tò: Ṣé Torí Ẹwà Ni Tàbí Torí Oòrùn?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí ó bá jẹ́ pé Kano ni àwọn baba wa ti pa òwe yìí ni, ó dá wa lójú pé oòrùn ni wọn ì bá fi pa á. Oòrùn Kano kò lóun ò ní ba mọ́tò jẹ́, ọlọ́kọ̀ ni kò ní gbà fún un. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí ẹlòmíràn lè kà sí ọ̀rọ̀ kékeré: irú aṣíji wo ló yẹ kí ènìyàn rà sí gíláàsì iwájú mọ́tò? Aṣíji tí à ń wí ni èyí tí àwọn ọmọ ọlọ́jà ń gbé kiri lójú títì, tí wọ́n ń pè ní sọ́ńṣéèdì, tí à ń nà bo gíláàsì láti inú nígbà tí a bá páàkì mọ́tò sójú oòrùn.

A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ kò ní kẹ̀kẹ́, kí ló kàn yín kan aṣíji mọ́tò?" Ìdáhùn wa kò le. Púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé mọ́tò ló ń san owó iléèwé wa. Bàbá ẹnìkan ń wa kabúkábú, ìyá ẹlòmíràn ń fi mọ́tò kó ọjà, ẹ̀gbọ́n ẹnìkẹta ń fi Sharon kó èrò láti Kano lọ sí Kaduna. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí awakọ̀ tó lè máa tan éèsì bó ṣe wù ú mọ́. Ọmọ tó lọ sí yunifásítì, tí kò lè ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ ìdí tí aṣíji kan fi sàn ju òmíràn lọ, kí ni ó wá ń kà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí a ń gbé. Lẹ́yìn tí rélùwéè wọ Kano ní 1911 ni àwọn òyìnbó amúnisìn ya ilẹ̀ Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tó ń ti ìhà gúúsù bọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn sọ̀ sí, tí wọ́n ṣòwò, tí wọ́n sì bí àwọn tó bí wa. Wọ́n la títì àdúgbò náà gbọnrangandan, ọ̀kan ń dábùú èkejì bí ìlà inú ìwé ìṣirò. Títì bẹ́ẹ̀ dára fún ìrìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè sá oòrùn sí. Ilé ń wo ilé, ṣọ́ọ̀bù ń wo ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ títì ni mọ́tò ń wà láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó bá rí abẹ́ igi dóńgóyárò páàkì sí, kí ó dúpẹ́, nítorí kò sí aṣíji tí a ó rà lọ́jà tó tó ibòji igi.

Bí a bá lọ sílé fún ọdún, àwọn ẹbí máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ará Òkè Ọya fẹ́ràn láti máa daṣọ bo mọ́tò. Kò yé wọn ni. Kano wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 12 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró ṣánṣán sí àtàrí wa ní ọ̀sán gangan: lẹ́yìn ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kẹjọ. Ti oṣù Kẹjọ, òjò àti ìkúùkù a máa gbà wá sílẹ̀. Ti oṣù Kẹrin bọ́ sí àkókò tí àwọn Hausa ń pè ní bazara, kò sì sí agbèjà fún wa nígbà náà. Ooru ọ̀sán a máa sún mọ́ 40°C, ọjọ́ mìíràn a sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ooru ìta o. A kò tíì wọ inú mọ́tò.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona àti Yunifásítì California tó wà ní San Diego gbé àwọn mọ́tò kan sójú oòrùn, wọ́n gbé àwọn mìíràn sí ibòji, ní ìlú Tempe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ooru ìta níbẹ̀ nígbà náà jọ ti oṣù Kẹrin wa. Lẹ́yìn wákàtí kan, afẹ́fẹ́ inú mọ́tò tó wà lójú oòrùn ti dé nǹkan bí 47°C, ìjókòó dé 51°C, sítíárì dé 53°C, dáṣíbọ́ọ̀dù sì dé 69°C. Nínú àwọn tó wà ní ibòji, afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bí 38°C, dáṣíbọ́ọ̀dù sì wà ní 48°C. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Afẹ́fẹ́ fi nǹkan bí 9 dín, ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù fi 21 dín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí oòrùn bá ń wò lójú kòrókòró ló ń jìyà jù. Gíláàsì iwájú ló tóbi jù nínú gíláàsì mọ́tò, dáṣíbọ́ọ̀dù àti sítíárì sì ni wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀.

Báwo wá ni oòrùn ṣe ń ṣe é? Gíláàsì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé. Ìmọ́lẹ̀ yìí bá dáṣíbọ́ọ̀dù, tó sábà máa ń dúdú, ó sì di ooru. Ooru tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń tú jáde kò wá rí gíláàsì kan náà gbà kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ti gbà á wọlé. Ó wọlé bí àlejò, ó di onílé. Iṣẹ́ aṣíji nígbà náà ni láti dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ó tó di ooru. Aṣíji tó ń dán bíi fàdákà a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà síta. Aṣíji dúdú a gbé e mì, òun fúnra rẹ̀ a gbóná, a sì máa tú ooru náà sínú mọ́tò. Ó lè gba dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ sísán, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ibí yìí ni ìjà àwa àti àwọn ènìyàn wa wà. Ẹ dé ọjà Sabon Gari kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń rà. Wọ́n á fi èyí tó ń dán sílẹ̀, wọ́n á mú dúdú tó ní etí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òmíràn á mú èyí tí wọ́n ya àmì Arsenal tàbí ti Chelsea sí gàdàgbà. Òmíràn á mú èyí tí wọ́n kọ àdúrà sí. A kò ní kí ènìyàn má gbàdúrà, a kò sì ní kí ó má fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ṣùgbọ́n Arsenal kò lè bá ẹnikẹ́ni bẹ oòrùn Kano. Ó jọ pé nítorí ẹni tó ń kọjá lọ ni à ń ra aṣíji, kì í ṣe nítorí ẹni tí yóò wọlé di sítíárì mú. Bí ojú kan bá ní àwòrán, tí ojú kejì sì ń dán, èyí tó ń dán ni kí ó kọjú síta. Kí àwòrán máa wo ẹni tó wà nínú mọ́tò.

Báwo ni kí á ṣe yàn án? Èkíní, ẹ wọn gíláàsì kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n ọ́n láti ọ̀tún dé òsì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láti òkè dé ibi dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tó fẹ̀ tó 130 sẹ̀ǹtímítà tó sì ga tó 60 pọ̀ lọ́jà. Ó lè ṣe mọ́tò kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá nà án sínú Sharon tàbí bọ́ọ̀sì, etí méjèèjì ni yóò ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni oòrùn yóò gbà wọlé. Kí ó fẹ̀ jù díẹ̀ sàn ju kí ó kéré lọ, nítorí a lè ká etí rẹ̀.

Èkejì, ẹ wo ohun tó ń gbé e dúró. Àwọn kan ní rọ́bà kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Nínú eruku àti ooru wa, rọ́bà yìí kì í pẹ́ gan, aṣíji á sì já bọ́. Èyí tí a lè fi pátákó kékeré méjì òkè gíláàsì há mọ́lẹ̀, àwọn tí awakọ̀ máa ń fà wálẹ̀ nítorí oòrùn, ló lálòpẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo bó ṣe ń ká. Èyí tó dà bí agbòòrùn yá láti ṣí, ó sì ń bo ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ irin àárín rẹ̀ kí ó má ha ojú rédíò. Èyí tó ń ká bí abẹ̀bẹ̀ kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní irin tí yóò ṣẹ́. Aṣíji tó bá ń yọ awakọ̀ lẹ́nu, inú búùtù ni yóò máa gbé.

Ẹni tí kò bá sì lówó aṣíji, kí ó má ṣe dúró de owó. Páálí méjì tí a lẹ̀ pọ̀, tí a gé bá gíláàsì mu, tí a wá fi fóìlì tí à ń fi di ẹran bo ojú rẹ̀ tó kọjú síta, yóò ṣe iṣẹ́ tí aṣíji olówó ńlá ń ṣe. Àwọn àgbà awakọ̀ tí ẹ rí tí wọ́n ń fi páálí bo gíláàsì, tí wọ́n ń ká àkísà lé sítíárì, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ju ẹni tó ra dúdú elétí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a kò kúkú sọ gíláàsì di dúdú, kí ọ̀rọ̀ parí? Òfin wà o. Òfin gíláàsì dúdú ti 1991 kò gbà kí ènìyàn kun gíláàsì mọ́tò tàbí kí ó bò ó dé ibi tí a kò ní rí ẹni tó wà nínú rẹ̀, àfi bí ó bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tàbí ẹni tí ó yàn, nítorí ìlera tàbí ààbò. Mọ́tò tó dúró ni aṣíji wà fún. Kí a tó ṣíná mọ́tò ni kí a ti ká a. Eré ni, eré ni, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ sí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ nígbà tó ń wakọ̀, tí kò rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́tùn-ún mọ́, ti kúrò lọ́rọ̀ oòrùn.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù la fi kẹ́yìn. Aṣíji kò sọ mọ́tò di yàrá. Ní 2005, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Stanford fi hàn pé ooru inú mọ́tò tó wà lójú oòrùn a máa fi nǹkan bí 22°C lé sí i láàárín wákàtí kan, àti pé mẹ́rin nínú márùn-ún ìyẹn ti wọlé kí ìdajì wákàtí tó pé. Wọ́n tún rí i pé ṣíṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kò dá a dúró. Ara ọmọdé kò sì lè bá ooru jà bíi ti àgbà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wí pé, "Mo ti na aṣíji, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa sùn níbẹ̀, mo ń bọ̀ kíá." A kò gbàgbé oṣù Kejìlá 2021, nígbà tí wọ́n bá òkú ọmọ mẹ́jọ nínú mọ́tò kan tí a pa tì ní àdúgbò Jah-Michael, lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Mọ́tò tó dúró, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kí ọmọ má sì sí nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí à ń fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òògùn ni wọ́n kọ sí lára pé kí ooru ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí má kọjá 30°C. Ọ̀pọ̀ agolo lọ́fínńdà alátẹ̀fọ́n ni wọ́n kọ 50°C sí. Ẹ rántí dáṣíbọ́ọ̀dù tó dé 69°C. Òògùn ìyá àgbà tí a gbàgbé síbẹ̀ ní ọ̀sán kan lè má wo nǹkan kan sàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè má yí àwọ̀ padà kí a lè mọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ìsinmi ń bọ̀, kálukú yóò sì padà sílé. Kí ẹ tó bá bàbá tàbí bọ̀ọ̀dá dé ọjà, ẹ kọ́kọ́ mú téèpù. Bí ọlọ́jà bá na èyí tó lẹ́wà síwájú yín, ẹ bi í léèrè èyí tó ń dán, kí ẹ sì bi í bó ṣe fẹ̀ tó. Onílé tí kò gbà fún àgbàrá, kì í ṣe àwòrán ló fi dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ire o.