Ìdọ̀tí Kọ́ Ló Ń Yún Ọmọ Yín

“Ara tó bá mọ́ kì í yún.” Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu ìyá àgbà, ó wà lẹ́nu olùkọ́, aládùúgbò náà kì í pẹ́ sọ ọ́ tó bá ti rí ọmọ tó ń họra. Irọ́ ni. Mi ò lè pè é ní irọ́ kékeré, nítorí awọ ọmọ ló ń jìyà rẹ̀ láràárọ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń wẹ ọmọ tó ní eczema, àìsàn awọ gbígbẹ tó máa ń yún, nílé wa. Omi gbígbóná wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti kán oògùn apakòkòrò sí i títí omi fi funfun. Wọ́n á fi ọṣẹ kun kànìnkànìn, wọ́n á wá dojú kọ ibi tó ń yún gan-an: ìṣẹ́po apá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn. Ọmọ ń ké, wọ́n ní kó mú un mọ́ra. Wọ́n á gbo ó títí awọ yóò fi máa dún kín-ín-kín-ín lábẹ́ ìka, ìyá á ní ó ti mọ́. Kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ á fi gbẹ, á funfun, á hunjọ, ọmọ á sì tún kì í mọ́lẹ̀, á máa họ ọ́. Tó bá di alẹ́, kànìnkànìn tún dé.

Awọ ẹni tó ní eczema ń jò bí òrùlé. Omi inú ara ń gba ibẹ̀ sá lọ. Eruku, òógùn, ọṣẹ àti ìpara olóòórùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ara á wá bínú, á wú, á máa yún. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Dundee, ní Scotland, fi hàn pé àléébù nínú jíìnì tó ń ṣe èròjà filaggrin, èyí tó ń mú kí awọ òkè le dáadáa, wà lára ohun tó ń fa jíjò yìí. Àléébù náà kò wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn dúdú tó bó ṣe wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, síbẹ̀ awọ tiwa náà ń jò. Àìsàn yìí máa ń tẹ̀lé ìdílé, òun àti ikọ́ fée sì sábà máa ń rìn pọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ikọ́ fée lè ní eczema láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìwẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Òrùlé tó bá ń jò, ta ló ń fi kànìnkànìn ha á?

Ọṣẹ gan-an wà lára ẹjọ́ yìí. Awọ tó wà ní àlàáfíà máa ń kan díẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n pH, nǹkan bíi 5 ni. Ọṣẹ ìfọṣọ àti ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀ olódindi máa ń tó 9 tàbí 10, wọ́n sì ń ba kíkan yẹn jẹ́. Ọṣẹ dúdú wa náà kò yọ sílẹ̀, eérú ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan. Ọṣẹ dúdú ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára awọ tó ti sán.

Bó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí ló ń fa eczema, ilé tí ọmọ pọ̀ sí ni ì bá ti pọ̀ jù. Òdìkejì rẹ̀ ni olùwádìí David Strachan rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 1989, lórí àwọn ọmọ tó lé ní 17,000 tí wọ́n bí ní 1958, ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n púpọ̀ nílé ni imú yíyún àti eczema ìgbà ìkókó ń bá jà jù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ka ìyẹn tán kó tún ní ọmọ eléczema ni ọmọ onídọ̀tí.

Àwọn kan á ní, “Mo fi omi gbígbóná gbo ó, ó sì dákẹ́.” Òótọ́ ni, ó máa ń dákẹ́. Ooru omi máa ń bo yíyún mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì ń bó ọ̀rá ara lọ; tí ara bá gbẹ, yíyún á padà, á tún le ju tàtẹ̀yìnwá. Àwọn mìíràn á ní àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló wo ọmọ àwọn sàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni eczema máa ń fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ohun tí wọ́n bá ń lò lọ́wọ́ nígbà náà ló ń gba ọpẹ́. Ètútú tí ẹ ń rí lójú eczema ńkọ́? Èékánná ló kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ sílẹ̀, kòkòrò wá bá ojú ọgbẹ́ wọlé.

Eczema kì í ràn. Kí olùkọ́ má ṣe ya ọmọ sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Làpálàpá àti èkùrá ni wọ́n ń ràn. Bí gbogbo ilé bá ń họra lóru, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ ọmọ yín, kó má pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àtẹ́lẹwọ́ tó. Ọṣẹ tí kò ní òórùn, tí kò le, ni kó kan abẹ́ apá, ìdí àti ẹsẹ̀. Ẹ fi ìnura tẹ omi ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má nù ún gbẹ tán, kí ẹ sì fi ìpara sí i lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ara ṣì tutù. Vaseline lásán dára, ó sì rọ̀ lówó. Òrí tí wọn ò po nǹkan mọ́ náà dára bí ara ọmọ bá gbà á. Òróró ólífì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ìwádìí Yunifásítì Sheffield ní 2013 rí i pé ó ń sọ ààbò awọ di aláìlágbára. Ẹ má fi ìpara ṣahun. Ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọdé jẹ́ gíráàmù 250 sí 500 lọ́sẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ tún fi kún un. Ẹ gé èékánná rẹ̀, aṣọ òwú ni kó wọ̀, kí ẹ sì ṣan ọṣẹ kúrò lára aṣọ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ má lọ ra ìpara tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ lójú ọ̀nà. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù tí dókítà bá fúnra rẹ̀ kọ, tó sọ iye ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé lára wa, eczema kì í sábà pupa. Ó lè dúdú, kó rí eérúeérú, kó le, tàbí kó jẹ́ kókó wẹ́wẹ́.

Bí ọmọ bá ní ibà, tí ètútú ń sun, tàbí tí ìléròrò tó ń dunni ṣàdédé kún ojú eczema rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, àní bó jẹ́ òru.