"WẸ́Ẹ̀TÌ Ẹ": Ẹ JẸ́ KÍ Á PE ÌPÀNÌYÀN NÍ ORÚKỌ RẸ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò bá ilé rẹ̀ mu rárá: òun ni "wẹ́ẹ̀tì ẹ". Bí ìbò bá ti súnmọ́ tòsí, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà. Àwa fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń dárúkọ.

Àdàlù ni ọ̀rọ̀ náà. "Wẹ́ẹ̀tì" ni a sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí kí á sọ nǹkan di tútù dà. "Ẹ" sì ni ẹni tí a fẹ́ ṣe é fún. Bí Yorùbá bá ní kí á bu omi rin nǹkan, kí ó lè yè ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, epo bẹntiróòlù ni a bù dípò omi, ènìyàn tàbí ilé rẹ̀ ni a dà á lé lórí, ìṣáná ni ó sì kẹ́yìn rẹ̀.

Rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Lẹ́yìn ìbò ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 1965, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Olóyè Akíntọ́lá ni ó wọlé. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti àwọn alájọṣe rẹ̀ fárígá pé èrú ni. Ni iná bá sọ nílé, ó sọ lójú pópó, a sì sun ènìyàn láàyè. Kí ni èrè rẹ̀? Ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, ó sì di ọdún 1979 kí ìjọba tó padà sọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn.

Ní ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde Olóyè Ọmọ́bóríowó ní gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó dípò Olóyè Ajásin, iná tún ràn, ẹ̀mí tún ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ni ó dá ipò náà padà fún Ajásin. Iná kò dá ẹnì kan padà.

A mọ̀ pé ìrẹ́jẹ nínú ìbò a máa dun ni dé egungun, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé orúkọ dídùn a máa mú kí iṣẹ́ ibi rọrùn. Ẹni tí ojú yóò tì láti sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí á lọ sun ọmọ ìyá wa láàyè," kò ní lọ́ra láti kígbe "wẹ́ẹ̀tì ẹ". Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún un: ìpànìyàn ni, ìpakúpa ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé wa mọ́, ìbáà ṣe nínú orin tàbí nínú àwàdà. Ẹ ṣọ́ àpótí ìbò, ẹ kọ iye ìbò sílẹ̀, ẹ gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.