Kì í ṣe ọ̀gá nìkan ló gbẹ́ ọ̀nà omi

 

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Amẹ́ríkà, ó mú mi lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní Great Falls, létí odò Potomac ní Virginia. Odò náà ń já láti orí àpáta kan bọ́ sórí òmíràn, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni ògiri òkúta àtijọ́ kan nínú igbó, tí ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́.

Nítorí pé ọkọ̀ kò lè gba orí àpáta yẹn kọjá, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò náà ní 1785. George Washington ni olórí wọn, kó tó di ààrẹ. Wọ́n kọ́ ohun tí a ń pè ní écluse nílé-ìwé wa, márùn-ún ni: àpótí òkúta ńlá tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á máa tú omi jáde díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì máa bá omi sọ̀kalẹ̀. Bí omi inú bá ti dọ́gba pẹ̀lú tìsàlẹ̀, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Báyìí ni ọkọ̀ tó kó ìyẹ̀fun àti tábà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ju 20 mítà lọ.

Ní 1802 ni wọ́n parí rẹ̀. Washington ti kú ní 1799. Omi kì í tó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ jù nígbà ìkún omi, owó kò wọlé bó ṣe yẹ. Ní 1828, ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé.

Àmì tí àwọn tó gbẹ́ òkúta fi sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣì wà lára àwọn òkúta kan. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn olówó wọn ló fi wọ́n yá ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ wọn. Mi ò rí àmì tiwọn.

Ojú tì mí, nítorí ara mi ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń mú àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ wo Àkàbà Ìdènà ní Kétu. Orúkọ ọba ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ sílẹ̀. Mi ò bi wọ́n rí pé: ta ló po amọ̀? Ta ló gbẹ́ yàrà tó yí ìlú ká? Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn?

Ẹnìkan lè sọ pé ọba ló ni iṣẹ́. Òótọ́ ni, láìsí ọba, ta ni ì bá kó èèyàn jọ? Àmọ́ àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí ogun Dàhòmì kó Kétu ní 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ. A kò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé tiwa lọ́hùn-ún. Kí ló dé tí àwa ń gbàgbé àwọn tó ṣiṣẹ́ nílé wa?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí lè dun àwọn kan. Nínú agbo ilé mìíràn, ìwọ̀fà tàbí ẹrú ló gbé iṣẹ́ náà, a kì í sì í sọ ọ́ síta. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbẹ́ yàrà tó gba ìlú là kò ní ohun ìtìjú kankan.

Lọ́dún ilé-ìwé tó ń bọ̀, kí àwa olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè: iṣẹ́ wo ni àwọn ará ilé wa ṣe fún ìlú yìí? Kí ó kọ ìdáhùn náà ní Yorùbá, bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn. Ògiri lè dúró pẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n.